Ògiri Tí A Kò Bá Jiyàn Lé Lórí

Kò sí ògiri tó ṣófo ní Accra. Kí ayàwòrán tó gbé búrọ́ọ̀ṣì débẹ̀, ẹlòmíràn ti kọ nǹkan sí i lára. Ní ibì kan, ìjọba ìlú, ìyẹn Accra Metropolitan Assembly tí gbogbo èèyàn ń pè ní A.M.A., ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé kí onílé wó ohun tó kọ́. Ní ibòmíràn, onílé fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ̀ síbẹ̀. Ògiri kan ń polówó pásítọ̀, òmíràn ń polówó aránṣọ, òmíràn ń pariwo pé ẹjọ́ ilẹ̀ náà wà ní kóòtù, kí ẹni tó fẹ́ rà á tọ́jú owó rẹ̀ sápò. Ará Èkó tó bá ń ka èyí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ilé tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kì í ṣe títà kò ṣàjèjì sí i.

Èmi tí mo ń fi àwòrán ara ògiri jẹun ní ìlú yìí, ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ náà kọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ìjà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán àdúgbò, kì í ṣe ọ̀dà. Mi ò sọ ìjà àdá àti òkúta o. Àríyànjiyàn ni mò ń wí. Ta ló ni ògiri? Ta ni kí á yà sí i, ta ni kí á fò dá? Kí ló dé tí ìdílé tiwa fi wà nísàlẹ̀ tí ìdílé tiwọn fi wà lókè? Ògiri tí àwọn ará àdúgbò bá ti jiyàn lé lórí kó tó gba ọ̀dà, tiwọn ni. Èyí tí wọn kò bá jiyàn lé lórí, ti ayàwòrán ni, bó ti wù kó rẹwà tó, òjò ni yóò sì jogún rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù ni James Town, létí òkun, lára ìlú àtijọ́ tí àwọn Gã, ọmọ onílẹ̀ Accra, ń pè ní Gã Mashie. Àwọn ará Holland kọ́ odi tiwọn sí tòsí ibẹ̀ ní 1649, èyí tí a mọ̀ sí Ussher Fort lónìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ James Fort ní 1673. Odi méjèèjì ló di ẹ̀wọ̀n nígbà tó yá. James Fort ni wọ́n ti Kwame Nkrumah mọ́ ní 1950, inú rẹ̀ ló sì wà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé ìbò ní 1951. Ìgbà tó di 2008 ni wọ́n tó kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n kúrò níbẹ̀. Ìsẹ̀lẹ̀ 1939 ti wó ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè náà, àwọn èèyàn sì fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn tún un kọ́. Nítorí náà, bí o bá rìn láti ìdí ilé iná ojú òkun dé pápá Mantse Agbonaa, oríṣiríṣi ògiri lo máa bá pàdé: òkúta àtijọ́, amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò, búlọ́ọ̀kù, páànù, pákó kíóósì. Olúkúlùkù ló ní bó ṣe ń gba ọ̀dà, olúkúlùkù ló sì ní olówó.

Ní 2011 ni ẹgbẹ́ Accra [dot] Alt, tí Mantse Aryeequaye àti Sionne Neely ń darí nígbà náà, dá àjọ̀dún Chale Wote sílẹ̀ ní àdúgbò yìí. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wo iṣẹ́ ọnà tuntun ní Accra yóò lọ sí gálárì, sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tàbí sí ilé àṣà àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè, níbi tí ẹni tó wọ sílípáàsì kì í sábà dé. Chale Wote gbé e wá sí títì. Wọ́n ti ọ̀nà High Street pa fún mọ́tò, àwọn ayàwòrán kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì, wọ́n gun àkàsọ̀ lára ògiri, àwọn akànṣẹ́ àdúgbò Bukom ń fi ẹ̀ṣẹ́ dárà, àwọn ọmọdé ń fi ìka bọ ọ̀dà. Láàárín ọdún mélòó kan, èrò ti di ọ̀kẹ́ àìmọye. Àjọ̀dún náà la gbogbo wa lójú pé èèyàn lè tọrọ ògiri, kí wọ́n sì fún un.

Ṣùgbọ́n àjọ̀dún kì í ṣe ibùgbé. Ẹni tó fi ọjọ́ mélòó kan ya ògiri tí ó sì wọ bàálù lọ kò lè mọ bàbá ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri náà. Àlejò lójú, kò fi ń ríran. Béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta kẹ́ńkẹ́ nídìí irú ògiri bẹ́ẹ̀ pé kí ni wọ́n yà sí i, yóò ní àwọn àlejò ló yà á, yóò sì máa bá ọjà rẹ̀ lọ. Wo ọ̀nà tí wọ́n gbà ní Nima, àdúgbò Zongo tí Hausa, Yorùbá àti oríṣiríṣi ẹ̀yà ń gbé pọ̀: àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tó dàgbà síbẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ Nima Muhinmanchi Art sílẹ̀, tí wọ́n ń ya ògiri ilé àwọn tó tọ́ wọn. Ẹni tó bá ya ohun tí kò tẹ́ ìyá oníkókó lọ́rùn níbẹ̀ yóò gbọ́ tirẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kó tó gba kóòsé, àkàrà tiwa.

Ní ilẹ̀ Gã, gẹ́gẹ́ bíi ti agboolé wa, ilé kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan. Ẹbí ló ni ín. Ẹni tó ń gbé iwájú lè jẹ́ ayálégbé. Ẹni tó jogún yàrá tó wà lẹ́yìn ògiri lè wà ní Tema tàbí ní London. Àgbà ẹbí tí ohùn rẹ̀ ń ká ilé lè máa gbé ní ojúlé kejì. Bí o bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ayálégbé nìkan, ọjọ́ tí o bá gun àkàsọ̀ ni wàá mọ̀ pé ilé ní olórí. Lẹ́yìn ẹbí, ó ku àdúgbò. Méje ni àdúgbò Gã Mashie: Asere, Abola, Gbese, Otublohum, Sempe, Akumajay àti Alata. Olúkúlùkù ló ní olóyè tirẹ̀, olúkúlùkù ló sì ní ìtàn tí kò fẹ́ kí ará àdúgbò kejì bá òun sọ. Ọtí sínáàpù la fi ń wọlé. A ó jókòó, wọn yóò béèrè iṣẹ́ tí a bá wá bí ẹni pé wọn kò tíì gbọ́, a ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo aago níbẹ̀ kò tíì ṣetán láti ya ògiri.

Ìlú náà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Kí ọdún Homowo tó dé, láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, wọ́n máa ń ka ìlù àti ariwo léèwọ̀ fún nǹkan bí oṣù kan. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde lásìkò yẹn láti fi pe àwọn ọmọdé wá kun ògiri, wàhálà ló ń wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní tirẹ̀, apẹja Gã kì í lọ sókun, nítorí ọjọ́ ìsinmi òrìṣà òkun ni. Wọn a jókòó létí omi, wọn a máa tún àwọ̀n ṣe. Mo fẹ́ràn Ọjọ́ Ìṣẹ́gun gidigidi: òun ni ọjọ́ tí àwọn tó mọ òkun máa ń ráyè bá mi jà.

Ara ògiri gan-an ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àbá sí, kì í ṣe orí ìwé. Ìwé ń jọ ohun tí wọ́n ti parí ní ọ́fíìsì. Ṣọ́ọ̀kì, àtẹ́lẹwọ́ lásán nù ún. Lára ògiri kan tó dojú kọ etíkun, mo fa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ńlá, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ láti ara igi wawa, arère tiwa. Mo fi àjẹ̀ sọ́wọ́ àwọn atukọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí n nu àjẹ̀ kúrò, kí n gbé ẹ̀rọ sí ìdí ọkọ̀, torí kò sí ẹni tó ń fi àjẹ̀ lọ sójú agbami mọ́. Àgbà kan, tí gbogbo wọn ń pè ní Ataa bí àwa ṣe ń pe Bàbá, ní àjẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ òun, ẹ̀rọ kò sì yẹ ara ògiri. Wọ́n fà á títí. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja nítòsí ló wá dá sí i: ẹ̀yin ọkùnrin ń jà lórí àjẹ̀ àti ẹ̀rọ, ta ló ra epo tí ẹ̀rọ ń mu?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ní etíkun Gánà, obìnrin oníṣòwò ẹja ló sábà máa ń yá apẹja lówó epo àti owó àwọ̀n, tí yóò sì fi ẹja gba owó rẹ̀ padà. Olórí wọn, konkohemaa, wà lára àwọn tó ń dá iye owó ẹja ní èbúté. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ti di ohun kékeré lápá òsì ògiri. Ohun tó gba àárín ni ọwọ́ obìnrin kan tó ń ka owó lókè abọ́ ẹja, tí èéfín ààrò Chorkor ti sọ ìka rẹ̀ di dúdú. Àti àjẹ̀ àti ẹ̀rọ ló wà nínú ọkọ̀: wọ́n gbé ẹ̀rọ sókè kúrò nínú omi, àjẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àgbà tó jókòó sẹ́yìn. Ká ní èmi nìkan ni mo dá a rò nínú yàrá mi, ọkọ̀ àti oòrùn tó ń wọ̀ ni mo máa yà, bí ti gbogbo káàdì tí wọ́n ń tà fún àlejò.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan ọ̀rọ̀ ògiri fúnra rẹ̀. Iyọ̀ ni ọ̀tá wa. Atẹ́gùn òkun ń gbé e wá, àwọn tó sì fi iyanrìn etíkun po sìmẹ́ńtì ti gbìn ín sínú ògiri láti ìpilẹ̀. Ó máa ń yọ jáde ní funfun, yóò rí hóró-hóró lábẹ́ ìka. Ẹni tí kò mọ̀ yóò bu omi sí i. Omi yóò yọ́ iyọ̀, yóò gbé e padà wọlé, nígbà tó bá sì tún ń jáde, yóò ti ọ̀dà síwájú. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ló tọ́: gbọ̀n ọ́n, gbá a kúrò nílẹ̀, fún ògiri láyè, tún gbọ̀n ọ́n. Ọ̀dà olóróro ń dán, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dí ògiri nímú. Ọ̀rinrin tó há sínú yóò wá ọ̀nà àbáyọ, yóò sì bó ọ̀dà náà ní abala-abala. Ọ̀dà olómi tí kò dán ló ń jẹ́ kí ògiri mí. Sìmẹ́ńtì tuntun ńkọ́? Jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí oró inú rẹ̀ ń pa àwọ̀. Àwọn àwọ̀ pàápàá kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ nínú pupa àti yẹ́lò tó ń tàn yòò, oòrùn a tètè fọ̀ ọ́. Pupa ilẹ̀, èyí tí ìpẹtà irin wà nínú rẹ̀, lè pẹ́ ju ẹni tó yà á lọ.

Mo máa ń sọ gbogbo èyí fáwọn ará àdúgbò kí wọ́n tó yan àwọ̀, àwọn ọ̀dọ́ kì í sì í gbà. Wọ́n fẹ́ yẹ́lò. Accra fẹ́ràn yẹ́lò: yẹ́lò ni eteetí àwọn takisí, yẹ́lò ni jálá ike tí wọ́n ń pè ní Kufuor gallon, tí ìlú fi ń pọn omi nígbà ọ̀wọ́n omi, tí Serge Attukwei Clottey ti àdúgbò La sì ń gé wẹ́wẹ́ tó fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Bí mo bá ní yẹ́lò yóò ṣá, wọ́n á ní àwọn yóò tún un kùn. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́ lójú àwọn àgbà. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lójú àgbà, ó ti di gbèsè.

Àṣẹ tí A.M.A. fi ọ̀dà pupa kọ náà ń dá ìjà tirẹ̀ sílẹ̀. Lójúlé kan, ó wà ní àárín ibi tí a fẹ́ yà gan-an. Àwọn ọmọ ilé ní kí á kùn ún pa. Olórí ẹbí kọ̀ jálẹ̀: bí wọ́n bá kùn ún, wọ́n ti tako ìjọba, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ojú ń tì wọ́n. Ẹnì kan nínú wọn, kì í ṣe èmi, ló dá a lábàá pé kí á ya ọjà yí i ká. A ya agbòòrùn, a ya òrùlé páànù tó ti dípẹtà, wáyà iná tó so kọ́ra, trotro, dáńfó tiwọn, tó fi ìdí sọ́nà, oríṣiríṣi pátákó oníṣòwò. Lẹ́tà pupa wá di pátákó kan láàárín pátákó. Ó ṣì ń sọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayàwòrán ṣe ń wo irú ìlú bẹ́ẹ̀, kó lọ wo iṣẹ́ Ablade Glover. Ní La, ní Accra, ni wọ́n bí i ní 1934. Ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì Kumasi, òun ló sì dá Artists Alliance Gallery sílẹ̀. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ló fi ń lẹ ọ̀dà mọ́ kánfáàsì. Sún mọ́ àwòrán ọjà rẹ̀, ọ̀dà tó ki ló máa kún ojú rẹ. Fẹ́sẹ̀ sẹ́yìn, gèlè àwọn obìnrin, ẹrù orí wọn àti òrùlé yóò yọ sí ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìyálọ́jà kankan ní ọjà Makola tó lè ní kó nu òun kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ kánfáàsì nìyẹn: ojú ẹnì kan ló wò ó, apá ẹnì kan ló yà á, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ yóò rà á, yóò gbé e lọ ilé. Ẹnikẹ́ni kò lè gbé ògiri lọ ilé. Ẹni tó kórìíra rẹ̀ yóò máa kọjá níwájú rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ojú ayàwòrán nìkan ló yẹ kó yà á.

Àwọn átíìsì tó ń kọ pátákó mọ èyí ju àwa tí a lọ ilé-ìwé lọ. Àwọn ló ń ya orí sí pátákó onígbàjámọ̀, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí sí ìdí trotro. Láti àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn onísinimá alágbèéká ń gbé fídíò àti jẹnẹrétọ̀ kiri, àwọn ló ya ìkéde fíìmù sára àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n rán pọ̀. Lónìí, àwọn olówó òkèèrè ń du àpò náà lọ́jà. Oníbàárà wọn kì í gba ohun tí kò jọ. Yóò dúró tì wọ́n, yóò ní imú òun kò tóbi tó yẹn, yóò yọ owó kúrò nínú owó. Inú irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti mọ́.

Àwòrán tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe pàápàá, bí o bá tú ìdí rẹ̀, wàá bá ìjà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 1948, wọ́n yìnbọn fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Gómìnà, mẹ́ta kú nínú wọn, Accra gbaná, ṣọ́ọ̀bù United Africa Company sì wà lára èyí tí wọ́n jó. Lẹ́yìn rògbòdìyàn yẹn ni UAC fi gbọ̀ngàn Community Centre ta ìlú lọ́rẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Maxwell Fry àti Jane Drew ló yàwòrán ilé náà, Kofi Antubam, ọmọ Gánà, ló ṣe àwòrán ara rẹ̀.

Irú kan wà tí kò ní ìjà nínú rárá: ọ̀dà ọ̀fẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń wá sí àdúgbò, wọ́n á ní àwọn yóò kun ilé rẹ lódindi láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ àwọn àti orúkọ àwọn ni yóò wà lára rẹ̀. Mi ò bá onílé tó gbà á wí. Ògiri tó ti lé ọdún mẹ́wàá láìrí ọ̀dà kì í bá ẹlẹ́yinjú àánú jà. Àmọ́ wo ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ojú títì di pupa láti òkè dé ilẹ̀ tàbí yẹ́lò láti òkè dé ilẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá yí orúkọ padà, wọ́n á tún wá kùn ún. Ẹnikẹ́ni kì í sunkún èyí tó lọ, nítorí ẹnikẹ́ni kò fẹnu sí i nígbà tó ń bọ̀.

Kò sí ọ̀dà tí ń mú àwòrán pẹ́ bí àwọn tó ń tún un yà. Ní Sirigu, ní àríwá Gánà lẹ́bàá ààlà Burkina Faso, àwọn obìnrin ló ń ya ara ilé. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń mú pupa, òkúta ni wọ́n ti ń mú funfun, wọ́n á fi dúdú sí i. Wọ́n á se èèpo èso irúgbá, igi tí àwa ń mú irú lára rẹ̀, wọ́n á fi omi rẹ̀ pa á lórí kí òjò má baà tètè ṣí i. Ní 1997 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, SWOPA, tí Melanie Kasise ṣe agbátẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, tí Moyo Okediji àti Bolaji Campbell ti kọ̀wé lórí iṣẹ́ wọn: bí ọdún òrìṣà bá dé, wọ́n á tún ògiri yà, ti ọdún yìí yóò sì bo ti èṣí mọ́lẹ̀. Lójú àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ mùsíọ́ọ̀mù, ohun ọ̀ṣọ́ ṣòfò. Lójú tiwọn, kò sí ohun tó sọnù níwọ̀n ìgbà tí ọmọ tuntun bá ti jókòó ti ìyá àgbà, tó ń gbọ́ pé ìlà yẹn wọ́, tún un fà.

Kí á má parọ́, kì í ṣe gbogbo ìjà ló ń bí ire. Ní 1967, ní gúúsù Chicago, àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ya ògiri kan tí wọ́n pè ní Wall of Respect, tí àwòrán àwọn akọrin, akànṣẹ́, òǹkọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ kún. Àwọn ará títì ló ń ṣọ́ ọ. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi kun apá kan pa láìgba ẹnu ẹni tó yà á, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán náà sì tú ká. Lẹ́yìn tí iná jó ilé náà ní 1971, wọ́n wó o. Síbẹ̀, látibẹ̀ ni àwòrán àdúgbò ti ràn káàkiri àwọn ìlú Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ Dakar náà, nínú ìgbòkègbodò Set Setal ní nǹkan bí 1990, kọ́kọ́ gbá ìdọ̀tí, wọ́n ko gọ́tà, kí wọ́n tó fi àwòrán sí ògiri ìlú. Inú ń bí wọn sí ìjọba ni. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn Chicago ni pé àríyànjiyàn tó wáyé ṣáájú ọ̀dà ń so èèyàn pọ̀, èyí tó bá dẹ́yìn ọ̀dà ń tú wọn ká. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo ṣọ́ọ̀kì.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò lásán nínú ọ̀rọ̀ ògiri Accra. Lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ẹrú ní Bahia ní 1835, tí àwọn Nàgó, ìyẹn Yorùbá, pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó padà láti Bùràsílì dé etíkun yìí; àwọn ọmọ wọn ni Tabom, tí àwọn Gã gbà sí Otublohum. Iṣẹ́ aránṣọ àti kànga gbígbẹ́ wà lára ohun tí wọ́n mú wá. Brazil House wọn ṣì wà ní James Town, wọ́n tún un ṣe ní 2007. Ọjà ló kó àwọn Yorùbá mìíràn wá lẹ́yìn wọn, títí di oṣù Kọkànlá 1969 tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kó jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá tó ti bímọ, tó ti kọ́lé, ló di ẹrù. Ọṣẹ dúdú wa dúró lọ́jà: alata samina ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ògiri kan wà tí a ti gbọ̀n iyọ̀ rẹ̀ tán, tí a ti fi funfun kùn, tí a kò tíì yà nítorí ọ̀rọ̀ 1969 yìí. Àwọn kan nínú ẹbí tó ni ín fẹ́ kó wà níbẹ̀, nítorí ìyàwó tó bí bàbá wọn wà lára àwọn tó lọ. Àwọn kan ní ọgbẹ́ tó ti jinná ni, kí á má hó o. Èmi tí mo jẹ́ Yorùbá láàárín wọn, mo panu mọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi wà nínú ẹjọ́ náà, mi ò lè ṣe adájọ́. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ funfun náà, ó ti ń dọ̀tí. Ẹnì kan tó fẹ́ fún wa lówó béèrè ìgbà tí iṣẹ́ yóò parí, mo ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Òótọ́ ni mo sọ fún un.

Ní oṣù Karùn-ún 2020, wọ́n wó àwọn ilé pákó etíkun James Town láti fi kọ́ èbúté ẹja tuntun, ohunkóhun tó wà lára pákó sì bá pákó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú rí. Kò sí ògiri tí a fi òǹtẹ̀ ayérayé lù. Nítorí náà, mi ò fi pípẹ́ díwọ̀n iṣẹ́ mi mọ́. Bí wọ́n bá wó ògiri kan, tí àwọn tó bá wa yà á ṣì lè bá ara wọn jiyàn lórí ibi tí ọwọ́ obìnrin yẹn wà àti ẹni tó ní kí á yà á, ó tó.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ nílé, ní Nàìjíríà, náà ti ń kun abẹ́ afárá àti ògiri ilé-ìwé, wọ́n sì ń pe irú wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí wá ya ògiri ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó, mi ò ní kọ́kọ́ béèrè bí ògiri ṣe gùn tó tàbí iye ọ̀dà tó wà nílẹ̀. N ó béèrè pé: ta ni kò gbà? Bó bá ní gbogbo èèyàn ló gbà, n ó ní kó padà lọ béèrè.